Ẹ̀yà màlúù wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Òǹkàwé kan kọ̀wé pé: «Mo ní ilẹ̀ koríko tí ó lè gba bí màlúù 20, mo sì fẹ́ máa sìn wọ́n fún ẹran títà. Mo ti wo àwòrán oríṣiríṣi ẹ̀yà, ọkàn mi sì fà sí Charolais nítorí pé ó tóbi. Àwọn kan ní Angus ló dára jù, àwọn mìíràn ní kí n ra màlúù oníké. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó kó wọn dé?»

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ sin màlúù ló máa ń ti orí ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà ló yẹ kí ó kẹ́yìn nínú ohun tí wọn yóò yàn. Ohun tí ń mú owó wá fún ẹni tí ó ní abo màlúù ni ọmọ tí ó bí, tí ọmọ náà yè, tí ó sì dàgbà tó títà. Abo màlúù tí ó bá lè máa bí ọmọ kan lọ́dọọdún lórí koríko tí ẹ ní, láìjẹ́ pé ẹ ń ra oúnjẹ kún un ní gbogbo ìgbà, òun ni ó dára jù fún yín, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Èyí ni mo fi ń wọn gbogbo ẹ̀yà tí mo fẹ́ dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Charolais tí ọkàn yín fà sí. Ilẹ̀ Faransé ni ẹ̀yà funfun yìí ti wá, àwọn àgbẹ̀ sì ti fi fa ohun ìtúlẹ̀ rí kí ó tó di màlúù ẹran. Akọ rẹ̀ lè wúwo ju kílò 1,000 lọ, ọmọ rẹ̀ a sì máa yára gbèrú. Ṣùgbọ́n abo màlúù tí ó ti dàgbà máa ń jẹ koríko tí ó tó nǹkan bí ìdá 2 sí ìdá 2.5 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀ lóòjọ́, bí a bá yọ omi inú koríko náà kúrò nínú ìṣírò. Ilẹ̀ tí ó ń bọ́ abo màlúù 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 400 kò ní lè bọ́ ju bí 11 sí 13 lọ nínú àwọn tí ó jẹ́ kílò 700. Bí ẹ bá kó 20 nínú àwọn ńlá náà sórí rẹ̀, wọn kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni wọn yóò máa rù díẹ̀díẹ̀, wọn kò ní wá akọ mọ́, ẹ ó sì rí i lẹ́yìn ọdún kan pé màlúù pọ̀ nínú ọgbà, ọmọ kò sí. Mo ti rí agbo tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì máa ń dùn mí nítorí pé àwọn olówó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ìran méjì ni àwọn onímọ̀ pín màlúù sí. Àwọn tí kò ní iké ni wọ́n ń pè ní Bos taurus, àwọn oníké sì ni Bos indicus, tí wọ́n kọ́kọ́ di ẹran ilé ní agbègbè Íńdíà. Kì í ṣe iké nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Màlúù oníké ní irun kúkúrú tí ń dán, awọ rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀, jọ̀jọ̀ ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń làágùn dáadáa, ooru tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú jáde sì kéré. Nítorí náà ó lè máa jẹko lọ nígbà tí oòrùn bá mú, nígbà tí màlúù aláìníké ti sá sí abẹ́ igi, tí ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Eégbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ ó fi san èyí ni pé ẹgbọrọ rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó bàlágà, ẹran rẹ̀ lè yi díẹ̀, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò fara balẹ̀ sí i.

Nínú àwọn aláìníké, Angus ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tíláǹdì ni orírun rẹ̀, ọdún 1862 ni a sì tẹ ìwé ìran rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ìyẹn ìwé tí a ń kọ orúkọ àwọn màlúù ẹ̀yà náà àti òbí wọn sí. Dúdú ni, kò ní ìwo, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọmọ tí akọ rẹ̀ bá bí kì í sì í níwo bí ìyá wọn tilẹ̀ ní in. Ọmọ rẹ̀ kì í tóbi púpọ̀ nígbà tí a bá bí i, èyí tí ó mú kí ìbímọ rọrùn, ọ̀rá a sì máa wọ inú ẹran rẹ̀ tín-ín-tín, tí ẹran náà fi ń rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ara dúdú náà ń fa oòrùn mọ́ra. Hereford, tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tí ojú rẹ̀ funfun, ní ìwé ìran tirẹ̀ láti ọdún 1846. Oníwà tútù ni, ó sì mọ bí a ti ń jẹ koríko tí kò dára púpọ̀ sanra, ṣùgbọ́n níbi tí oòrùn bá ti le, ìpénpéjú rẹ̀ tí kò láwọ̀ a máa tètè ní jẹjẹrẹ ojú. Simmental ti Switzerland ní wàrà púpọ̀, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ń wúwo nígbà tí a bá já a lẹ́nu ọmú, àmọ́ abo tí wàrà rẹ̀ pọ̀ ń fẹ́ oúnjẹ púpọ̀ pẹ̀lú. Limousin ti Faransé kò ní ọ̀rá púpọ̀, ẹran pọ̀ lára egungun rẹ̀. Ní ti Belgian Blue, tí ẹran ìtan rẹ̀ wú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ìyípadà kan nínú apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ ló fa èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn abo rẹ̀ sì ni a gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n tó bí. Èmi kò ní gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti fọwọ́ kàn án.

Nínú àwọn oníké, Brahman ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti inú màlúù Íńdíà dá sílẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń sìn ín sílẹ̀ ní ọdún 1924. Nelore, tí òun náà ti Íńdíà wá, ni ó kún pápá àwọn ará Brazil jù lọ. Boran ti Ẹtiópíà àti Kẹ́ńyà kéré sí àwọn méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ó ń bímọ déédéé, ó mọ ọmọ tọ́jú, ó sì lè rìn jìnnà wá omi. Bí ẹ bá bi mí léèrè nípa oníké tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí koríko rẹ̀ kò dára lọ títí, Boran ni n óò wí.

Níbi tí eṣinṣin tsetse bá wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àrùn tí eṣinṣin yìí ń kó máa ń jẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù tán títí yóò fi kú, oníké sì ni ó tètè ń pa. N'Dama, tí òkè Fouta Djallon ní ilẹ̀ Guinea jẹ́ orírun rẹ̀, àti Muturu kékeré tí ó kúrú mọ́lẹ̀, ti gbé pẹ̀lú eṣinṣin náà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ara wọn sì ti kọ́ bí ó ṣe lè gba àrùn náà mọ́ra láìṣubú. Ẹnìkan lè fi ojú kéré wọn nítorí ìwúwo wọn, ṣùgbọ́n màlúù kílò 250 tí ó wà láàyè sàn ju ti kílò 600 tí a ti sin lọ.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ni kí a da ìran méjèèjì pọ̀. Santa Gertrudis, tí wọ́n fi ìdá 5 nínú 8 Shorthorn, ẹ̀yà aláìníké ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìdá 3 nínú 8 Brahman dá sílẹ̀ ní oko King Ranch ní Texas, ni ìjọba Amẹ́ríkà kà sí ẹ̀yà tí ó dá dúró ní ọdún 1940. Irú ìdá yẹn kan náà ni Brangus, tí Angus wà ní ipò Shorthorn. Bonsmara ti Gúúsù Áfíríkà fi Afrikaner, màlúù ìbílẹ̀ ibẹ̀, ṣe ìdá 5 nínú 8, Hereford àti Shorthorn sì ni ìyókù. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ àkọ́kọ́ tí ìran méjì tí kò bá ara tan bá jọ bí máa ń ní okun tí kò sí lára bàbá tàbí ìyá nìkan: ó ń yè jù, ó ń tètè lóyún, ó ń pẹ́ láyé. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí ìyá jẹ́ ti ilẹ̀ tí wọ́n wà, kí akọ sì jẹ́ èyí tí ọjà ń fẹ́. Ibí yìí gan-an ni Charolais yín ti lè wúlò, kí ó jẹ́ bàbá àwọn ọmọ tí ẹ ó tà pátá, kì í ṣe ìyá agbo. Kìkì pé ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gun ẹgbọrọ tí kò tíì bí rí tàbí abo kúkúrú, nítorí ọmọ yóò tóbi ju ọ̀nà tí yóò gbà jáde lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kà sí ọkàn iṣẹ́ náà. Oyún màlúù máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 283. Bí ẹ bá yọ èyí kúrò nínú ọjọ́ 365, ọjọ́ 82 péré ló kù. Láàárín ọjọ́ 82 yẹn ni abo tí ó bímọ gbọ́dọ̀ sinmi, kí ilé ọmọ rẹ̀ padà sípò, kí ó tún wá akọ, kí ó sì lóyún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ tí ó tẹ̀ lé e yóò pẹ́ ju ọdún kan lọ. Ilé ọmọ nìkan ń gba nǹkan bí 40 ọjọ́ kí ó tó padà sípò. Ọjọ́ mọ́kànlélógún-mọ́kànlélógún ni abo ń wá akọ, kì í sì í ju wákàtí méjìdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó, àǹfààní bíi méjì péré ni ẹ ní. Abo tí ó rù nígbà tí ó bímọ kò ní lo èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí pé wàrà ni ara rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi oúnjẹ ṣe, kì í ṣe oyún mìíràn.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ máa fi ojú wọn ara wọn. Àwọn onímọ̀ ń fi máàkì 1 sí 9 wọn sísanra màlúù. Abo gbọ́dọ̀ wà ní 5 nígbà tí yóò bá bí, èyí tí ó bí àkọ́bí sì gbọ́dọ̀ wà ní 6. Ní 5, egungun ìhà kò hàn lọ́kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ojú bá ti lè ka egungun ìhà púpọ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí, ó ti rù jù. Oṣù mẹ́ta kí ó tó bí ni kí ẹ tún un ṣe, torí pé lẹ́yìn ìbímọ, ó ṣòro láti mú abo tí ń fún ọmọ lọ́mú sanra.

Akọ kan tí ó ti gbó tó lè gun abo 25 sí 30. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà kò yẹ kí ó ju 15 lọ. Akọ kan tó fún 20 yín, ṣùgbọ́n kí dókítà ẹran yẹ epọ̀n, ẹsẹ̀, ojú àti àtọ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa kó o pọ̀ mọ́ abo fún ọjọ́ 60 sí 90 lọ́dún, kí ẹ sì yọ ọ́, kí àwọn ọmọ lè dé ní àsìkò kan náà, nígbà tí koríko tútù. Ní ti ẹgbọrọ abo, ìwúwo ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọjọ́ orí: kí ó tó ìdá 60 sí 65 nínú 100 ìwúwo tí yóò ní nígbà tí ó bá dàgbà tán kí akọ tó gùn ún.

Ní ọjọ́ ìbímọ, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti imú ló yẹ kí ó kọ́kọ́ yọ. Bí ẹ bá rí ohun mìíràn, tàbí tí omi ti tú fún wákàtí méjì tí ọmọ kò sún, ẹ pe dókítà ẹran. Nígbà tí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ ta ayódíìnì sí ìwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ó mu wàrà àkọ́fún, èyí tí ó ki tí ó sì pọ́n. Ọmọ màlúù kì í gba ohun tí ń gbógun ti àrùn láti inú ikùn ìyá rẹ̀ rárá. Inú wàrà yìí nìkan ló wà, ìfun ọmọ sì ń gbà á wọlé dáadáa ní wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, títí di bí wákàtí 24 tí ọ̀nà yóò dí. Ọmọ kílò 30 yẹ kí ó mu tó lítà 3 láàárín wákàtí 12. Èyí tí kò mu ún lè dàbí ẹni pé ara rẹ̀ le lónìí, kí ìgbẹ́ gbuuru sì gbé e lọ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àwọn akọ tí ẹ kò fẹ́ fi bímọ, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ wọ́n lọ́dàá ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kí a sì yọ ìwo nígbà kan náà, torí pé bí wọ́n bá ti dàgbà, ìrora àti ẹ̀jẹ̀ á pọ̀. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ni a ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ní ti oúnjẹ, ẹ rántí pé kì í ṣe màlúù nìkan ni ẹ ń bọ́. Nínú àpò ikùn rẹ̀ tí ó tóbi jù, èyí tí ara rẹ̀ ń di ṣàkì, àwọn ẹ̀dá alààyè tí ojú lásán kò lè rí pọ̀ ju iye ènìyàn ayé lọ, àwọn ni wọ́n sì ń sọ koríko tí inú tiwa kò lè dà di agbára. Bí wọ́n kò bá jẹun, màlúù kò jẹun. Nígbà tí koríko bá gbó tí ó sì gbẹ, tí purotéènì inú rẹ̀ bá sì wálẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lọ, iṣẹ́ àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí á falẹ̀, koríko á pẹ́ nínú ikùn, màlúù náà á sì dín jíjẹ kù. Báyìí ni màlúù ṣe ń rù níbi tí koríko gbígbẹ ti pọ̀ dé orúnkún. Ohun tí ó nílò kì í ṣe koríko gbígbẹ sí i bí kò ṣe purotéènì díẹ̀: ewéko tí ń so bí ẹ̀wà, tàbí ìyókù irúgbìn tí a ti fún òróró rẹ̀ kúrò. Àwọn kan ń lo yúríà, èyí tí a tún ń lò bí ajílẹ̀; ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pa màlúù láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fún ọmọ màlúù láé.

Nítorí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí náà ni a kì í fi yí oúnjẹ padà lójijì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkà bọ́ àwọn tí ẹ fẹ́ tà, kí wọ́n di àbọ́pa, ẹ máa fi ọkà kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹran tí ó bá yó ọkà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ikùn rẹ̀ á kan bí ọtí kíkan, ó sì lè kú. Ewéko ẹlẹ́wà tútù tí ìrì wà lórí rẹ̀ náà lè mú ikùn wú. Ìhà òsì ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i. Ọkà bàbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù tàbí tí ó rọ lẹ́yìn ọ̀dá ní májèlé sáyánáìdì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ inú rẹ̀. Bíbọ́ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tó, ẹ̀yà tí ó dára a sì máa fi bíi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún ara rẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ fi tépù wọn àyíká àyà rẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi iye náà lọ́po ara rẹ̀, ẹ tún fi gígùn ara láti èjìká dé ìdí lọ́po rẹ̀, kí ẹ sì fi 10,840 pín in. Ìwúwo rẹ̀ ní kílò, tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn, ni ẹ ó rí.

Omi tí ó mọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ́n wọn, torí pé abo tí ń fún ọmọ lọ́mú nínú ooru lè mu ju lítà 60 lọ lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ lílá wà ní gbogbo ìgbà. Ẹ pín pápá sí ọ̀nà mélòó kan, kí ẹ sì kó wọn kúrò nínú èyí tí wọ́n wà kí wọ́n tó jẹ koríko rẹ̀ dé gbòǹgbò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó yẹ sinmi lórí àrùn tí ó wà ní agbègbè yín, dókítà ẹran ni yóò sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Màlúù tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún bí oṣù kan kí ó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ẹ ní. Abo tí oyún bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé ohun tí ó jáde, nítorí bùrùsẹlósíìsì, àrùn kan tí ń ba oyún màlúù jẹ́, ń ran ènìyàn, kí ẹ sì jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èyí tí ó bá kú lójijì tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ihò ara rẹ̀, ẹ má ṣe là á, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ áńtíráàsì, àrùn tí irúgbìn kòkòrò rẹ̀ ń pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹ bá ń dà wọ́n, ẹ má ṣe pariwo, ẹ má ṣe lù wọ́n. Màlúù ń rí nǹkan yí ara rẹ̀ ká àyàfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá rìn kọjá èjìká rẹ̀ sí ọ̀nà ẹ̀yìn, yóò lọ síwájú, bí ẹ bá sì gba ọ̀nà iwájú wá, yóò fà sẹ́yìn. Ẹran tí a lé títí tí àárẹ̀ fi mú un ṣáájú pípa, ẹran ara rẹ̀ ń ṣú, ó sì ń le, nítorí pé ṣúgà inú iṣan rẹ̀ ti tán.

Ìdáhùn mi sí ohun tí ẹ béèrè nìyí. Ẹ wá agbo kan tí ó wà lórí irú ilẹ̀ àti irú ojú ọjọ́ tiyín, tí olówó rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ìbímọ. Ẹ ra abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá níbẹ̀, àwọn tí ó ti bí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀méjì tí dókítà sì ti fọwọ́ kàn pé wọ́n lóyún, kí ẹ má ṣe kún ilẹ̀ náà ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ooru àti eégbọn bá pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ oníké tàbí àdàpọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, Angus tàbí Hereford. Bí tsetse bá wà, N'Dama. Ẹ fi nọ́ńbà sí etí wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àti ìwúwo ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹ já a lẹ́nu ọmú. Ní ọdún kejì, ẹ ta èyí tí kò lóyún, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ kún ti akọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tún padà wo àwòrán Charolais náà.